Ṣẹ́ẹ̀tì wo ló yẹ jíìmù nínú ooru ilẹ̀ wa? Kọ́tìn ń wúwo, polyester ń rùn

Dúró Ṣinṣin

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Jíìmù tí mo ń lọ n'Íbàdàn ò ní ẹ̀rọ amúlétutù, fáànù nìkan ni, tí iná bá sì lọ, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣẹ́ẹ̀tì kọ́tìn ń mu òógùn títí á fi wúwo, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, á sì máa ha abíyá àti orí ọmú. Mo wá ra èyí tí wọ́n kọ polyester sí lọ́rùn. Ìyẹn fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo tiẹ̀ fọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ lára mi tí òórùn àná á fi jí padà.

Ẹ̀rọ ìsáré ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni irin: skwọ́ọ̀tì àti bẹ́ǹṣì. Aṣọ irú wo ni kí n wá? Ṣé bọ̀síkọ̀rọ̀ ni kí n lọ, àbí kí n ra yáàdì fún télọ̀? Báwo ni èèyàn ṣe ń dá èyí tó dáa mọ̀ nínú ọjà?

Àdùkẹ́ Aláṣọ

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ń fi omi ṣe, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òwú, ìyẹn kọ́tìn, tó wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́, tí kò kan omi, ti ń gbé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pamọ́ sára tó bíi 8.5 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀. Viscose, fọ́nrán tí wọ́n ń fà jáde nínú igi tí wọ́n fi kẹ́míkà yọ́, ń gbé tó 13. Nylon ń gbé bíi 4. Polyester ò tiẹ̀ tó ààbọ̀ nínú 100. Nítorí náà, tí òógùn bá dé ara òwú, inú fọ́nrán gan-an ló ń wọ̀, fọ́nrán á wú, yóò sì pẹ́ kó tó gbẹ. Polyester kì í jẹ́ kó wọnú. Àárín àwọn fọ́nrán ni òógùn ń gbà kọjá, tó ń tàn ká ojú aṣọ, tí atẹ́gùn á sì gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n polyester pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe yunifọ́ọ̀mù àti ìtẹ́nú aṣọ kò wúlò fún yín rárá, ṣe ló máa bo ooru mọ́ra. Èyí tí wọ́n hun bíi síńgílẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wá, tó ń fà, tó ní ihò wínníwínní. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwọn ihò náà. Tó bá jẹ́ aṣọ tó fún mọ́ra lẹ fẹ́, kí spandex inú ẹ̀, ìyẹn fọ́nrán tó ń fà bíi rọ́bà, wà láàárín 8 sí 12 nínú 100. Tó bá jẹ́ èyí tó tú lára, polyester nìkan ti tó, spandex ò pọn dandan.

Ní ti wíwúwo, 120 sí 150 GSM, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí aṣọ ṣe wúwo tó, ló dáa fún ooru wa. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aláṣọ ní Gbági, ẹ ní kó gbé yáàdì kan sórí òṣùwọ̀n. Tó bá wọn 150 gíráàmù, 150 GSM nìyẹn.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú omi náà. Ẹ kán ẹ̀kán omi kan sí ẹ̀yìn aṣọ, ìyẹn ojú tí yóò kan ara. Tó bá tàn ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó dáa. Tó bá dúró róbótó síbẹ̀, ẹ dá a padà.

Kóòṣì Bọ́díjà

Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí Àdùkẹ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ń gbé irin kò gbọdọ̀ wọ ohun tó ń yọ̀. Tí polyester tó ń dán bá ti rin fún òógùn, ọ̀pá irin á máa yọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn nígbà skwọ́ọ̀tì. Lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹ bá ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ni èjìká á máa sún lọ sí apá orí. Kọ́tìn ń di ojú bẹ́ǹṣì mú. Òfin ìdíje IPF, àjọ ìdíje gbígbé irin lágbàáyé, gba t-shirt kọ́tìn, ó gba polyester, ó gba àdàlù méjèèjì, ṣùgbọ́n kò gba aṣọ rọ́bà tàbí irú ẹ̀ tó ń fà. Ẹni tó bá ní ìdíje lọ́kàn, kó má lọ fi owó ra oníspandex.

Ohun kejì ni pé ojú ọ̀pá irin tí wọ́n gbẹ́ ṣákaṣàka kí ọwọ́ má baà yọ̀ máa ń fa aṣọ oníhò yọ. Ẹ̀yìn ọrùn ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́.

Ṣẹ́ẹ̀tì méjì ni kó wà nínú báàgì. Polyester oníhò fún ẹ̀rọ ìsáré, kọ́tìn 160 sí 180 GSM fún irin. Ẹ nu ara kí ẹ tó wọ ìkejì. Àdàlù kọ́tìn 60, polyester 40 náà ò burú fún ẹni tí kò fẹ́ pààrọ̀.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má bínú, ìṣirò yáàdì yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. GSM ni iye gíráàmù tó wà nínú aṣọ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Yáàdì kò tó mítà ní gígùn, ínǹṣì 36 ni, ṣùgbọ́n aṣọ tó ń fà sábà máa ń fẹ̀ tó ínǹṣì 60. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, yáàdì kan á jẹ́ nǹkan bíi ìlọ́po 1.39 ohun tí GSM ń wọ̀n. Ìwọ̀n yáàdì yẹn, ẹ pín in sí 1.39. Èyí tó bá wọn 150 gíráàmù, 108 GSM péré ni, àyà yóò máa hàn nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ 140 GSM, kí yáàdì náà wọn bíi gíráàmù 195. Ẹ sì fi téèpù wọn fífẹ̀ aṣọ fúnra yín, torí òmíràn ò ju 58 lọ, òmíràn sì tó 72. Tí fífẹ̀ bá yí padà, 1.39 náà á yí padà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kán omi náà, ó kù díẹ̀. Aṣọ tuntun láti ilé iṣẹ́ máa ń ní oògùn tí wọ́n fi ń mú ojú ẹ̀ dán. Òmíràn ń lé omi sẹ́yìn, òmíràn ń tàn yín pé ó ń fa omi, tó jẹ́ pé ìfọ̀ mẹ́ta mẹ́rin ló máa fi ṣí kúrò. Ẹ ra ínǹṣì bíi mélòó kan, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó gbẹ, kí ẹ tó kán omi sí i. Ohun tó bá ṣe nígbà yẹn ni ìwà ẹ̀ gan-an.

Àdùkẹ́ Aláṣọ

Mo gbà, télọ̀. Ẹ pín in sí 1.39 o, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ṣùgbọ́n aláṣọ wo ló máa gé ínǹṣì mélòó kan tà? Ẹ sọ pé kó fún yín ní ẹ̀já etí aṣọ, wọ́n máa ń gé e dànù.

Ọmọ Abẹ́òkúta

Èyí tó ń rùn yẹn, ṣebí ẹ rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì mọ́jú. Tó bá ṣì ń rùn, ẹ da fíníga sí i. Òórùn ò ní gbérí mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ JỌ̀Ọ́, ẹ má da bílíìṣì àti fíníga pọ̀ láéláé, ì báà ṣe nínú abọ́ kan náà tàbí sára aṣọ tí ọ̀kan ṣì wà lára ẹ̀. Gáàsì kulorínì ni wọ́n ń mú jáde, tó ń jó ojú, tó ń jó ọ̀fun, tó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá nínú bálùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Ẹ jọ̀wọ́, kí alámòójútó pa ìmọ̀ràn yẹn rẹ́.

Alágbàfọ̀

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Yàtọ̀ sí gáàsì, bílíìṣì tún máa ń jẹ spandex. Rọ́bà inú aṣọ á kú, á máa já wẹ́wẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì á sì máa rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Nylon funfun tí ẹ bá rẹ sínú ẹ̀ á di yẹ́lò.

Ìdí tí polyester fi ń rùn rèé. Òógùn tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Kòkòrò àìfojúrí tó wà lára ló ń jẹ ohun inú òógùn tó ń di òórùn. Polyester kì í gba omi, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rá, òróró ara sì ń lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Omi àti ọṣẹ lásán ń ṣan ojú ẹ̀ kọjá, ọ̀rá á ṣẹ́kù, òórùn á sùn sínú ọ̀rá. Tí ara bá ti mú un gbóná, ó jí nìyẹn. Ọ̀rá yẹn ni kí ẹ bá jà.

Bí a ṣe ń ṣe é: kété tí ẹ bá délé, ẹ yọ ọ́ nínú báàgì. Tí omi ìfọṣọ ò bá sí lọ́wọ́, ẹ ṣan án pẹ̀lú omi lásán, kí ẹ sá a. Aṣọ tó rin tó sùn nínú báàgì mọ́jú ló ń di èyí tí ọṣẹ ò ràn mọ́. Nígbà ìfọ̀, ẹ yí inú ẹ̀ síta. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, bíi ẹ̀kán mẹ́ta, sí abíyá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka ra á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí òórùn ẹ̀ ti pẹ́, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú fíníga funfun ife kan sí omi ife mẹ́rin, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ṣan án dáadáa, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló dáa. Omi gbígbóná ń pa spandex.

Ẹ má fi ọṣẹ bo aṣọ mọ́lẹ̀. Ọṣẹ tí kò ṣàn kúrò tán, òun náà á di ilé òórùn. Omi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi mú aṣọ rọ̀ sì ni ọ̀tá tó burú jù: ṣe ló ń fi nǹkan bí ọ̀rá bo fọ́nrán, òógùn ò ní ríbi gbà mọ́. Ibi tí ẹ ti ń sọ pé "ṣẹ́ẹ̀tì yìí kò fa òógùn bíi ti tẹ́lẹ̀," ẹ wo inú garawa ìfọṣọ yín.

Ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà. Polyester tó fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ gbẹ, kò nílò oòrùn ọ̀sán gangan, àwọ̀ á ṣá. Kò sì sí ohun tí áyọ́ọ̀nù ń wá níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Kí n tún fi èyí kún un, ní ti orí ọmú àti abíyá tó ń ha. Aṣọ tó rin tó sì wúwo ló ń ha, iyọ̀ òógùn tó gbẹ sára aṣọ á tún máa gé ara. Ẹ fi Vaseline díẹ̀ ra á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré. Tí ara bá sì yọ wínníwínní níbi tí aṣọ ti fún, ooru àti òógùn tó há síbẹ̀ ni. Ẹ wọ èyí tó tú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá rí bí òrùka, tí etí ẹ̀ ga, tó sì ń yún, làpálàpá ni. Oògùn ni ìyẹn ń fẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ò lè wò ó. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní táwẹ́ẹ̀lì.

Alágbàfọ̀

Nọ́ọ̀sì, Vaseline kẹ̀? Ẹ ò rí i pé ọ̀rá la ń bá fà á lọ́wọ́! Tó bá kan polyester, ẹ̀yìn ìfọ̀ mẹ́wàá ni yóò ṣì máa wà níbẹ̀. Ẹ lẹ pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí ọmú. Abíyá tó ń ha, ọ̀rọ̀ télọ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ gbà á. Pílásítà fún orí ọmú. Ṣùgbọ́n irun àyà ń fà o, kí ẹ mọ̀.

Ìrìnàjò Peckham

Kí ló dé tí ẹnì kankan ò dárúkọ "bamboo"? Ní London níbí, wọ́n ń tà á fún jíìmù, wọ́n ní ó ń pa kòkòrò, kì í sì í rùn. Ó rọ̀, ó tutù lára. Merino náà wà, irun àgùntàn tó fẹ́lẹ́, bíi 150 GSM. Ìyẹn kì í tètè rùn lóòótọ́.

Àdùkẹ́ Aláṣọ

Bọ̀ọ̀dá, "bamboo" tí ẹ ń rí yẹn, viscose ni. Wọ́n ti fi kẹ́míkà yọ́ igi ọparun kí wọ́n tó fa fọ́nrán jáde nínú ẹ̀, kò sì sí ohun ọparun tó kù níbẹ̀ mọ́ tí yóò pa kòkòrò. Lọ́dún 2009, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà pe àwọn tó ń tà á lẹ́jọ́ lórí irú ìpolówó yẹn. Viscose tutù lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà tí mo kọ sókè: ó ń mu omi ju òwú lọ. Tó bá rin, agbára ẹ̀ ń dín kù, aṣọ á gùn sísàlẹ̀ títí á fi dé itan. Ẹ wọ̀ ọ́ sùn.

Merino dáa, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ó wọ́n, kòkòrò ajẹṣọ sì fẹ́ràn ẹ̀.

Tíṣà Físíìsì

Gbogbo yín ń jà lórí fọ́nrán, ẹ ti gbàgbé afẹ́fẹ́. Kì í ṣe òógùn tó jáde ló ń mú ara tutù, èyí tó gbẹ kúrò lára ni. Èyí tó bá kán sílẹ̀, ẹ fi omi ara ṣòfò lásán ni. Lóṣù kẹfà àti oṣù keje, afẹ́fẹ́ wa ti kún fún omi, tí fáànù bá tún kú, atẹ́gùn tó yí ara ká á kún dé ibi tí kò lè gba òógùn mọ́. Nírú ipò yẹn, kò sí polyester tó lè dá nǹkan ṣe. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni kí aṣọ tú, kí apá ẹ̀ gbòòrò, kí ó fẹ́lẹ́, kí atẹ́gùn máa wọlé kó máa jáde bí ẹ ṣe ń mira. Síńgílẹ́ẹ̀tì oníhò á ṣe yín lóore ju ṣẹ́ẹ̀tì olówó ńlá tó lẹ̀ mọ́ ara lọ.

Lásìkò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ gbẹ, òwú náà ń tètè gbẹ nígbà yẹn. Ẹni tó ní kọ́tìn dáa ń sọ òótọ́ oṣù kìíní. Ẹni tó ní kò dáa ń sọ òótọ́ oṣù keje.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwòrán rọ́bà ńlá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà ṣẹ́ẹ̀tì. Ibi tí rọ́bà bá bò, kò sí atẹ́gùn, kò sí òógùn tó máa gba ibẹ̀ jáde.

Ìyá Afúsá

Ẹ ṣeun gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé síńgílẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé ń wọ̀. Àwa tí a ń bo apá àti orí ńkọ́?

Fún ẹ̀yin obìnrin tó ń wọ híjáàbù: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni aṣọ méjì lórí ara wọn, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú lórí àwọ̀tẹ́lẹ̀ alápá gígùn. Ẹ wọ ẹyọ kan ṣoṣo, alápá gígùn, polyester oníhò 130 sí 140 GSM, àwọ̀ tó dúdú díẹ̀ kí ó má baà hàn, kí ihò apá ẹ̀ gbòòrò dáadáa. Kí ó gùn kọjá ìdí, kí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bíi ínǹṣì mẹ́rin kí ó má baà dí yín lọ́wọ́ ní skwọ́ọ̀tì. Híjáàbù tí ẹ ń fi píìnì dè, ẹ fi sílẹ̀ sílé. Èyí tí a ń fà wọ̀ lórí, tó ní spandex díẹ̀, ló dáa, ẹ sì ti etí ẹ̀ sínú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kí ọ̀pá irin má baà fà á.

Kọ́mú jíìmù nìkan ni ibi tí mo ti fẹ́ spandex tó pọ̀, 20 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìka méjì bá wọ abẹ́ rọ́bà ẹ̀, ó mọ níwọ̀n. Bí ọwọ́ bá wọlé tán, kò di nǹkan kan mú.

Kóòṣì Bọ́díjà

Ẹ ṣeun, Ìyá Afúsá. Àwọ̀ náà ṣe pàtàkì: eérú ló ń fi òógùn hàn jù. Dúdú, funfun àti búlúù tó kún kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ọlọ́jà Kàtàngówà

Bọ̀síkọ̀rọ̀ ni tèmi. Ojúlówó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń rà á. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀gbẹ́ òsì, kì í ṣe ti ọrùn nìkan, torí inú ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ ohun tí wọ́n fi hun ún sí. Èdè á yàtọ̀: *coton* àti *algodón* jẹ́ òwú, *Baumwolle* ti Jámánì náà òwú ni. Elastane àti spandex, nǹkan kan náà ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa aṣọ náà lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá padà sípò kíá, rọ́bà inú ẹ̀ ṣì yè. Tó bá dà bí ìgbì, tàbí tí ẹ rí irun funfun wínníwínní tó ń yọ jáde, ó ti kú. Ẹ gbé abíyá síbi ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣá. Tí ibẹ̀ bá le gbagidi, ìpara abíyá ẹni tó wọ̀ ọ́ kọ́kọ́ ló dì síbẹ̀. Ìdánwò tó kẹ́yìn: ẹ fi ẹnu fẹ́ èémí gbígbóná sí abíyá náà, kí ẹ gbóòórùn ẹ̀. Aṣọ tó gbẹ kì í sọ òótọ́. Èyí tó bá rùn nígbà tó lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó bá ẹlòmíràn lọ.

Lébẹ́ẹ̀lì ò sí? Ẹ fa fọ́nrán kan yọ ní etí ẹ̀, ẹ fi iná ràn án. Òwú á jó bíi bébà, eérú ẹ̀ rọ̀. Polyester á yọ́, á di kókó dúdú líle, èéfín ẹ̀ dúdú. Kókó náà gbóná o, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Dúró Ṣinṣin

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, gbogbo yín. Mo ti pinnu: kọ́tìn fún irin, máa wá a ní bọ̀síkọ̀rọ̀, polyester fún ìsáré, máa rán an. Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, yáàdì mélòó? Àyà mi jẹ́ ínǹṣì 42. Kí sì ni kí n sọ fún ẹni tó máa rán an kí abíyá má baà ha mí mọ́?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá

Tí fífẹ̀ aṣọ bá jẹ́ 60, yáàdì kan àtìlàjì á tó yín, ẹ̀já á tiẹ̀ ṣẹ́kù. Kí ó gé àyà sí 46, ìyẹn 42 pẹ̀lú ínǹṣì mẹ́rin kí ó tú. Ojú tó ń fà jù lọ gbọ́dọ̀ yí ara ká. Tó bá gé e ní òòró, ọrùn ò ní gba orí yín.

Abẹ́rẹ́ tí ẹnu ẹ̀ rí róbótó ni kó fi sí ẹ̀rọ, nọ́ńbà 75/11. Abẹ́rẹ́ ẹnu ṣóńṣó máa ń gé ojú híhun, ihò á sì máa yọ lẹ́bàá ojú ìránpọ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀. Kí ó má fi ojú tààrà rán an, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ na apá sókè ni yóò já. Tí kò bá ní ẹ̀rọ wíwé olówùú mẹ́rin, kí ó fi sígísáàgì tóóró, mílímítà kan ní fífẹ̀, méjì àtààbọ̀ ní gígùn. Okùn polyester ni, kì í ṣe kọ́tìn.

Ní ti abíyá: ojú ìránpọ̀ mẹ́rin ló ń pàdé níbẹ̀, kókó yẹn ló ń ha yín. Ẹ ní kó fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin, ínǹṣì mẹ́ta lọ́nà gbogbo, sí abẹ́ apá. Á tú àwọn ojú ìránpọ̀ ká, apá á sì na sókè láìfa ara ṣẹ́ẹ̀tì. Kí ó tẹ ojú ìránpọ̀ náà lélẹ̀, kí ó fi sígísáàgì mú un mọ́ aṣọ kí etí ẹ̀ má baà dìde.

Kí ó ṣe apá tó gùn dé ọrùn, èyí tí kò ní ojú ìránpọ̀ lórí èjìká. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé láti pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbé irin, ọ̀pá ò ní rí ohun tẹ̀ mọ́ yín lára. Lébẹ́ẹ̀lì ọrùn, kí ó má rán ọ̀kankan sí i. Kí ẹ tó gbé aṣọ fún un, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sá a. Polyester kì í sábà sún kì, àmọ́ oògùn ilé iṣẹ́ tó wà lára ẹ̀ máa ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fo ojú. Tí ẹ bá rán kọ́tìn náà lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn ń sún kì tó 5 nínú 100, fífọ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó gé e di dandan.